Okpara Nínú Ẹ̀rọ: Ìtàn Orúkọ Kan, Àkọtọ́ Méjì àti Òfin Ìrònú

Odò kan àti arrondissement kan ni wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà ní ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́: Okpara. Odò náà ti agbègbè Borgou ṣàn wá sí gúúsù, ó fi apá kan ara rẹ̀ ṣe ààlà láàárín ilẹ̀ Benin àti ilẹ̀ Nàìjíríà, kí ó tó lọ dà pọ̀ mọ́ odò Ouémé. Omi rẹ̀ tí a sé ni àwọn ará Parakou ń mu. Arrondissement náà sì jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́jọ tí ó wà ní commune Savè: Adido, Bessé, Boni, Kaboua, Ofè, Okpara, Plateau àti Sakin.

Ọmọ ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́ kì í ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Bí ẹnì kan bá ní Okpara kún, gbogbo wa mọ̀ pé omi ni ó ń wí; bí ó bá ní wọ́n ń dìbò ní Okpara, a mọ̀ pé ilẹ̀ àti ènìyàn ni. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kò ní irú ìmọ̀ yìí láti ilé. Ohun tí a bá kọ sínú rẹ̀ ni ó mọ̀, ohun tí a kò bá sì kọ, òfin tí a ti là sílẹ̀ ni yóò fi ṣe ìdájọ́ lé e lórí. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ ìtàn bí orúkọ àti èdè wa ṣe dé inú ẹ̀rọ, àti ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe nígbà tí àwa bá dákẹ́. Nítorí pé ìdákẹ́ wa níbẹ̀ kì í ṣófo: ẹlòmíràn ni ó máa ń gba ipò ọ̀rọ̀ wa.

Àkọtọ́ méjì fún èdè kan

Kí a tó mọ ohun tí ẹ̀rọ jogún, ó yẹ kí a mọ ohun tí ìwé jogún. Ní ọdún 1843 ni Samuel Àjàyí Crowther tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde. Ní ọdún 1875, ìpàdé kan wáyé ní Èkó láti fìmọ̀ ṣọ̀kan lórí bí a ó ti máa kọ èdè náà. Àkọtọ́ tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ láti inú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi àmì sí abẹ́ e, o àti s, ó sì fi lẹ́tà p kan ṣoṣo kọ ìró tí àwọn èdè mìíràn ń fi kp kọ.

Lẹ́yìn náà ni ààlà dé. Àdéhùn tí ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, àti èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 1898, la ilẹ̀ Yorùbá ti ìwọ̀-oòrùn sí méjì. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju kọ ìtàn ohun tí ìpín náà bí nínú ìwé rẹ̀, Western Yorubaland under European Rule, 1889–1945, tí ó jáde ní ọdún 1976. Ṣábẹ̀ẹ́ àti púpọ̀ nínú ilẹ̀ Kétu bọ́ sí ọ̀dọ̀ Faransé, níbi tí ìjọba ti fi èdè Faransé ṣe èdè ilé-ẹ̀kọ́. Ní òdìkejì ààlà, ìwé Yorùbá ń pọ̀ sí i: ìwé ìròyìn, ìwé ẹ̀kọ́, ìwé ìtàn àròsọ.

Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ àkọtọ́ tún gbérí lẹ́yìn òmìnira. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé tẹ Yoruba Orthography jáde ní ọdún 1965, ìgbìmọ̀ àkọtọ́ jókòó ní ọdún 1966, ìjọba sì fọwọ́ sí àkọtọ́ tí a ń pè ní ti òde òní ní ọdún 1974. Ọdún kan péré lẹ́yìn náà, ní ọdún 1975, orílẹ̀-èdè tiwa gbé alifábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè ilẹ̀ wa kalẹ̀. A tún un yẹ̀ wò ní ọdún 1990. Nínú rẹ̀, ɛ dúró fún ẹ, ɔ dúró fún ọ, sh dúró fún ṣ, kp sì ní ipò tirẹ̀.

Àwọn kan máa ń rò pé ẹ̀tanú ni ó mú kí àkọtọ́ méjèèjì yàtọ̀ síra. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nàìjíríà ń wá bí ìwé tuntun yóò ṣe bá ìwé àtijọ́ Yorùbá mu. Benin ń wá bí lẹ́tà kan yóò ṣe dúró fún ìró kan náà nínú gbogbo èdè orílẹ̀-èdè, kí ẹni tí ó ti kọ́ ìwé Fɔn má baà tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ó bá fẹ́ ka ìwé Yorùbá. Ọ̀kan wo ẹ̀yìn, ọ̀kan wo ẹ̀gbẹ́. Ọgbọ́n sì wà nínú méjèèjì. Àwọn lẹ́tà ɛ àti ɔ pàápàá kì í ṣe àjèjì ní Áfíríkà: wọ́n wà nínú alifábẹ́ẹ̀tì tí àwọn onímọ̀ èdè ilẹ̀ Áfíríkà ti gbé jáde ní Lọ́ńdọ́nù ní nǹkan bí ọdún 1930.

Okpara tìkára rẹ̀ ru àmì ìtàn yìí. Àwọn ìwé ìjọba wa kọ ọ́ pẹ̀lú kp. Àwọn ìwé Nàìjíríà ń kọ odò kan náà ní Opara. Ẹnu kò yàtọ̀. Gègé ni ó yàtọ̀.

Láti orí gègé dé inú kọ̀ǹpútà

Ẹ̀rọ kì í rí lẹ́tà. Nọ́ńbà ni ó ń rí. Tábìlì nọ́ńbà ASCII, tí a gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1963, ní ààyè 128 péré, a sì ṣe é fún èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ẹ níbẹ̀, kò sí ɛ, kò sí àmì ohùn kankan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà ní láti lo fọ́ǹtì àrà ọ̀tọ̀, tí ó ń yà ẹ sí ojú ìwé níbi tí nọ́ńbà tí ó wà nínú ẹ̀rọ jẹ́ ti àmì mìíràn pátápátá. Bí fáìlì bẹ́ẹ̀ bá dé orí ẹ̀rọ tí kò ní fọ́ǹtì náà, ọ̀rọ̀ di rúdurùdu.

Unicode ni ó mú àtúnṣe wá, láti ọdún 1991. Ó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lágbàáyé ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹ àti ọ rí ààyè níbẹ̀, nítorí pé èdè Vietnam pẹ̀lú ń lò wọ́n. Ɛ àti ɔ rí ààyè láti ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ ìró èdè àti àwọn èdè Áfíríkà mìíràn. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan ṣẹ́ kù tí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ mọ̀. Kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́. A lè fi ẹ ṣáájú kí a fi àmì ohùn òkè lé e. A lè fi é ṣáájú kí a fi àmì sí abẹ́ rẹ̀. A sì lè fi e, àmì abẹ́ àti àmì òkè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ojú rí wọn bí ọ̀kan náà, ẹ̀rọ tí a kò kìlọ̀ fún rí mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú ìwé lè di àwátì nígbà tí a bá wá a. Nítorí náà ni Unicode ṣe la òfin ìsọdọ̀kan kalẹ̀, tí ń sọ gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí di ọ̀kan kí a tó fi wọ́n wéra. Lẹ́tà ɛ́ ti Benin kò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni a lè gbà kọ ọ́: ɛ àti àmì òkè.

Ìwé XML: igi tí ó ní gbòǹgbò

Lẹ́tà nìkan kò tó. Ẹ̀rọ tún gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́: ṣé orúkọ ni, ṣé ọjọ́ ni, ṣé ti èdè wo ni? Ohun tí XML wá ṣe nìyí. Ẹgbẹ́ W3C, tí ń la ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì kalẹ̀, fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 10 oṣù kejì ọdún 1998. Ìwé XML jẹ́ ìwé lásán tí ènìyàn lè kà, ṣùgbọ́n àmì ìṣí àti àmì ìpadé yí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ká, wọ́n sì sọ ohun tí ó jẹ́. Ẹ wo bí a ṣe lè kọ odò wa:

<ibi id="odo-okpara" iru="odò">
  <orúkọ xml:lang="fr">Okpara</orúkọ>
  <orúkọ xml:lang="yo-NG">Opara</orúkọ>
  <ṣànSínú ibi="odo-oueme"/>
</ibi>

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí a ṣàkíyèsí. Èkíní, XML gbà kí a fi èdè tiwa sọ àwọn àmì náà lórúkọ, pẹ̀lú ṣ àti ọ wọn. Èkejì, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ibi náà, "odo-okpara", yàtọ̀ sí orúkọ tí a ń pè é. Orúkọ lè pọ̀, ohun náà jẹ́ ọ̀kan. Ẹ̀kẹta, àmì xml:lang sọ èdè orúkọ kọ̀ọ̀kan, ó sì lè sọ orílẹ̀-èdè tí a ti ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Fún ètò kọ̀ǹpútà, ìwé bẹ́ẹ̀ jẹ́ igi. Gbòǹgbò kan ni ó ní, ẹ̀ka ń yọ láti ara gbòǹgbò, ẹ̀ka mìíràn sì ń yọ láti ara ẹ̀ka. Ẹni tí ó ń fi èdè Python ṣiṣẹ́ yóò ṣí fáìlì náà, yóò gun igi náà láti gbòǹgbò, yóò yan àwọn ẹ̀ka tí ó ń wá, yóò kà wọ́n tàbí kí ó tún wọn ṣe, yóò sì kọ igi náà padà sínú fáìlì. Iṣẹ́ náà dàbí ti àgbẹ̀ tí ń rẹ́ ọwọ́ igi: kò gbọ́dọ̀ gé ohun tí kò wò.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan hàn. Ká ní a fẹ́ kí ètò kan máa yí àkọtọ́ Benin padà sí ti Nàìjíríà. Òfin náà dàbí ohun tí ó rọrùn: ɛ di ẹ, ɔ di ọ, sh di ṣ, kp di p. Bí a bá fi òfin yìí sí gbogbo ìwé láìwo ojú, yóò dé orí orúkọ Michael Okpara, ẹni tí ó jẹ́ olórí ìjọba Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà títí di ọdún 1966, yóò sì sọ ọ́ di Opara. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni orúkọ náà, kì í ṣe ti Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni Opara pẹ̀lú sì jẹ́ orúkọ tí àwọn ẹlòmíràn ń jẹ́ nílẹ̀ Ìgbò. Ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ pé àṣìṣe ti wọlé. Òfin náà gbọ́dọ̀ wo àmì èdè kí ó tó fọwọ́ kan ọ̀rọ̀: ibi tí a bá ti kọ yo-BJ nìkan ni kí ó ti ṣiṣẹ́. Kò sì gbọ́dọ̀ pa àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ́. Kí ó fi èkejì kún un ni. Ẹni tí ó bá pa kp rẹ́ kò ní rí i padà, nítorí pé p wà nínú alifábẹ́ẹ̀tì Benin lọ́tọ̀, ẹ̀rọ kò sì ní mọ èwo nínú àwọn p ni ó ti jẹ́ kp rí.

Fáìlì Yorùbá ti Benin àti òfin ogún

Àpẹẹrẹ tí ó tóbi jù lọ nípa Yorùbá nínú XML wà nínú fóònù púpọ̀ nínú wa, bí a kò tilẹ̀ mọ̀. Àkójọ kan wà tí a ń pè ní CLDR, tí ó wà lábẹ́ àbójútó Unicode láti ọdún 2004. Ìwé XML ni gbogbo rẹ̀. Nínú rẹ̀ ni èdè kọ̀ọ̀kan ti ń sọ fún ẹ̀rọ bí a ṣe ń pe ọjọ́ ọ̀sẹ̀, oṣù, orílẹ̀-èdè àti owó. Àwọn fóònù àti kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ń mu nínú kànga yìí.

Yorùbá ní fáìlì pàtàkì méjì níbẹ̀. Èkíní ń jẹ́ yo, èkejì ń jẹ́ yo_BJ, èyí tí í ṣe Yorùbá ti Benin. Ẹni tí ó bá ṣí i yóò rí ɛ àti ɔ wa níbẹ̀: ibi tí èkíní ti kọ ọjọ́, èkejì kọ ɔjɔ́. Alifábẹ́ẹ̀tì ọdún 1975 ti dé inú ẹ̀rọ àgbáyé, ohun ìwúrí sì ni.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo òfin tí ó so fáìlì méjèèjì pọ̀. Ogún jíjẹ ni òfin náà. Bí ẹ̀rọ bá wá ọ̀rọ̀ kan nínú yo_BJ tí kò rí i, yóò lọ wá a nínú yo. Bí kò bá rí i níbẹ̀, yóò lọ sí gbòǹgbò, níbi tí kò sí èdè kankan ní pàtó. Fáìlì yo, tí í ṣe òbí, ni CLDR kà sí Yorùbá ti Nàìjíríà. Kò sí ìwà ìkà nínú èyí: ibẹ̀ ni àwọn tí ń sọ èdè náà pọ̀ sí jù lọ, ìbẹ̀rẹ̀ kan kò sì lè ṣe kí ó má wà. Síbẹ̀, ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé gbogbo ibi tí Benin kò bá ti sọ̀rọ̀, Nàìjíríà ni yóò sọ̀rọ̀ dípò rẹ̀, kò sì sí àmì kankan lójú fóònù tí yóò fi hàn pé ọ̀rọ̀ àgbàsọ ni.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nínú ẹ̀rọ, orúkọ tí a sọ ọmọ ni ó ń yan ilé fún un. Ọ̀rọ̀ yìí kan Ṣábẹ̀ẹ́ ju bí ó ti kan ibòmíràn lọ. Nínú ìlànà àgbáyé tí ń fún èdè ní àmì lẹ́tà mẹ́ta, tí a ń pè ní ISO 639-3, tí ó jáde ní ọdún 2007, Yorùbá ń jẹ́ yor. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà èdè tiwa ní àmì tirẹ̀, cbj, tí a kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Ede Cabe. Bákan náà ni Ìdáàṣà ní idd, Ìṣà ní ica, Ifẹ̀ ti Tógò sì ní ife.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń kọ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà Okpara sílẹ̀ ní láti yan ọ̀kan. Bí ó bá fi yo-BJ sí i, ìwé rẹ̀ bá ti àwọn Yorùbá yòókù rìn, ṣùgbọ́n ohun tí ó jẹ́ ti Ṣábẹ̀ẹ́ nìkan lè dàbí àṣìṣe lójú ẹ̀rọ tí ó mọ Yorùbá àjùmọ̀lò. Bí ó bá fi cbj sí i, ẹ̀yà èdè náà dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú òfin ogún gbogbogbòò, cbj kò ní yo ní òbí. Gbòǹgbò ni ó ń lọ tààrà. Lẹ́tà mẹ́ta ni yóò ya ọmọ kúrò lára ẹbí rẹ̀, àfi bí a bá sọ ìbátan náà fún ẹ̀rọ ní gbangba.

Òfin ìrònú

Ibi tí a ti ń sọ ìbátan ní gbangba ni a ń pè ní ontology. Ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí ni tẹ́lẹ̀. Lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ó jẹ́ àkọsílẹ̀ irú àwọn ohun tí ó wà, ìbátan tí ó wà láàárín wọn, àti òfin tí ó de ìbátan náà. W3C fọwọ́ sí èdè OWL fún iṣẹ́ yìí ní ọjọ́ 10 oṣù kejì ọdún 2004, ọdún mẹ́fà gééré lẹ́yìn XML. A sì lè kọ OWL sínú ìwé XML. Akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ètò Protégé, tí ó ti Yunifásítì Stanford wá, kọ irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó sì fi ètò arònú bíi HermiT wá àbájáde rẹ̀. Ètò arònú kì í dá ìmọ̀ sílẹ̀. Ohun tí ó fara pamọ́ nínú ohun tí a ti sọ ni ó ń fà jáde.

Ẹ jẹ́ kí a fún un ní òfin mẹ́ta nípa ilẹ̀ wa. Òfin kìíní: bí ibi kan bá wà nínú ibi kejì, tí ibi kejì sì wà nínú ibi kẹta, ibi kìíní wà nínú ibi kẹta. Òfin kejì: ohun tí ó bá jẹ́ odò kò lè jẹ́ arrondissement. Òfin kẹta: commune kan ṣoṣo ni arrondissement kan lè wà nínú rẹ̀.

Ká kọ ọ́ pé arrondissement Okpara wà nínú Savè, pé Savè sì wà nínú Collines. Òfin kìíní yóò sọ fún wa, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ ọ́, pé Okpara wà nínú Collines. Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan náà fún odò àti arrondissement, òfin kejì yóò pariwo pé ìtakora wà. Láìsí òfin kejì, ẹ̀rọ yóò gbà ní ìrọ̀rùn pé odò kan ní chef d'arrondissement.

Òfin kẹta ni ó kún fún ẹ̀kọ́ jù lọ. OWL kò gbà pé orúkọ méjì gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun méjì. Bí ìwé kan bá ní Okpara wà ní Savè, tí ìwé kejì ní Okpara kan náà wà ní Shabɛ, ètò arònú yóò parí èrò sí pé Savè àti Shabɛ jẹ́ ọ̀kan. Òótọ́ ni! Òfin kan péré ti mú kí ẹ̀rọ mọ ohun tí ààlà àti àkọtọ́ ti fi pamọ́ fún un. Ṣùgbọ́n Okpara mìíràn wà ní Nàìjíríà, Okpara Inland ti àwọn Urhobo, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ethiope East ní ìpínlẹ̀ Delta. Bí ẹnì kan bá da Okpara méjèèjì pọ̀ sábẹ́ nọ́ńbà kan, òfin kan náà yóò sọ pé Savè àti Ethiope East jẹ́ ibì kan. Ẹ̀rọ kò ní rẹ́rìn-ín, kò sì ní ṣiyèméjì. Bí a kò bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibi méjèèjì yàtọ̀, kò ní rí ìtakora kankan. Òfin tí ó sọ òtítọ́ ní àárọ̀ ni ó purọ́ ní ìrọ̀lẹ́, kì í ṣe nítorí pé òfin yí padà, bí kò ṣe pé ohun tí a fi fún un yí padà.

Níhìn-ín ni a ti rí ìyàtọ̀ láàárín ìdákẹ́ méjì. Nínú fáìlì CLDR, ohun tí ọmọ kò bá sọ, òbí sọ ọ́. Nínú OWL, ohun tí a kò bá sọ kì í ṣe òótọ́, kì í ṣe irọ́. Kò tíì di mímọ̀ ni. Bí a kò bá kọ ọ́ pé èdè Ṣábẹ̀ẹ́ jẹ́ ìbátan Yorùbá, OWL kò ní sọ pé kì í ṣe ìbátan. Yóò kàn dúró. Ọ̀kan ń fi ọ̀rọ̀ sí wa lẹ́nu, èkejì ń dúró dè wá. Ẹni tí ó bá ń lo méjèèjì láìmọ ìyàtọ̀ yìí yóò gba àgbàsọ bí ẹ̀rí, yóò sì gba àìmọ̀ bí àìsí.

Nígbà tí àkókò bá yí òtítọ́ padà

Àwa tí a ń kọ ìtàn tún ní ìṣòro kan tí òfin mẹ́ta òkè yìí kò tíì dé. Bí a bá ṣí ìwé ọdún 1980, a ó rí i pé Savè wà nínú Zou. Bí a bá ṣí ti òní, Collines ni. Kò sí èyí tí ó purọ́: ní ọdún 1999 ni a sọ département mẹ́fà di méjìlá, tí Collines sì jáde lára Zou. Bákan náà, ìwé tí ó sọ pé Dahomey ni Savè wà tọ̀nà, bí a bá ti kọ ọ́ ṣáájú ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1975, nígbà tí orílẹ̀-èdè náà yí orúkọ padà. Sous-préfecture tí àwọn ìwé àtijọ́ sọ náà di commune.

Ẹ̀rọ tí a kò bá fún ní ọjọ́ yóò gbìyànjú láti gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, ìbátan "wà nínú" gbọ́dọ̀ ní ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí ó parí, òfin sì gbọ́dọ̀ wò wọ́n kí ó tó parí èrò. Àwọn arọ́kin wa mọ èyí tipẹ́: wọn kì í ròyìn ìlú láìsọ ìgbà ọba tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ tí a kọ sí ara XML kò ju ohun tí wọ́n ti ń ṣe lọ.

Ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa

Kò pọn dandan kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ di ẹni tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ṣáájú ètò, àwa nìkan ni a lè ṣe é. Kí a kọ orúkọ ibi, ti odò, ti òkè, ti ọjà àti ti agboolé sílẹ̀ bí àwọn onílé ti ń pè é, pẹ̀lú àmì ohùn, láti ẹnu ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Kí a fún ohun kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí kò sinmi lórí orúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Wikidata, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2012, ti ń ṣe, tí kò fi ṣòro fún un láti gba orúkọ kan náà ní ọ̀pọ̀ èdè. Kí a fi àmì èdè sí orúkọ kọ̀ọ̀kan, kí a sì sọ ọ́ ní gbangba pé cbj àti yo jẹ́ ẹbí, kí àyànfẹ́ àmì má baà di ìkọ̀sílẹ̀. Kí a kọ ọjọ́ sí ohun tí àkókò lè yí padà. Ní ìparí, kí a kọ òfin tí ó sọ ohun tí kò lè jẹ́ ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ èyí tí ó jẹ́ ọ̀kan.

Olóògbé Ọlábíyìí Babalọlá Yáì, ọmọ ilẹ̀ Benin tí ó ṣe alága ìgbìmọ̀ aláṣẹ UNESCO láti ọdún 2007 sí 2009, ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá ní ọdún 1996. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ọmọ ìhà ìwọ̀-oòrùn lè sọ̀rọ̀ nínú ilé Yorùbá láìfi ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé ni ilé náà nígbà náà. Lónìí ẹ̀rọ ti di yàrá kan nínú rẹ̀.

Àwọn tí ó fa ààlà ọdún 1889 kò bi Ṣábẹ̀ẹ́ léèrè. Àwọn tí ń to igi XML lónìí ń béèrè. Àkójọ CLDR ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ mú àtúnṣe wá, àkọsílẹ̀ OWL sì ń dúró de ẹni tí yóò kọ ọ́. Ìbéèrè náà ti dé ọ̀dọ̀ wa. Bí a kò bá dáhùn, kì yóò wà láìní ìdáhùn. Ìdáhùn ẹlòmíràn ni àwọn ọmọ Okpara yóò máa kà lójú fóònù wọn, wọn yóò sì rò pé àwa ni a sọ ọ́.